Oníbẹ́líìtì tàbí Direct Drive: Tọ́ntébù Wo Ló Bá Iná Ilé Wa Mu?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ orin pé èwo ló dùn jù nínú tọ́ntébù (ẹ̀rọ tó ń yí àwo orin) oníbẹ́líìtì àti direct drive, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí àwo tààrà láìsí bẹ́líìtì, èyí tó wà lórí káńtà rẹ̀ ni yóò ní ó dùn jù. Ẹ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó bá àwọn òyìnbó níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti ìgbà tí direct drive ti dé ọjà ní 1970. Ìjà wọn ní ìdí, mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ inú ilé tí iná kì í ṣẹ́jú ni wọ́n ti ń jà á. Ẹni tó ń gbé nílẹ̀ Okun tiwa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ní Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀, Kábà tàbí Ìyàrà, tó ń lo iná NẸ́PÀ nígbà tó bá wà, tó ń tan jẹnẹrétọ̀ nígbà tí kò bá sí, tó sì ti ń fi sólà kún un báyìí, ohun mìíràn ló yẹ kó kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ tó fẹ́ rà: níbo lo ti ń mọ bó ṣe yẹ kó o sáré tó?

Bí a bá dáhùn ìyẹn tán, a lè wá sọ̀rọ̀ nípa dídùn. Ní agbègbè tiwa, iyára tí kò dúró lójú kan ló ń ba orin inú àwo jẹ́ ju ariwo ẹ́ńjìnnì lọ, ariwo ẹ́ńjìnnì yìí gan-an sì ni àwọn òyìnbó ń torí rẹ̀ jà.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí àwo

Nínú oníbẹ́líìtì, ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, abọ́ tí àwo orin ń sùn lé wà láàrin, bẹ́líìtì rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ti dúró ti ẹ̀rọ ìlọta lọ́jà mọ bó ṣe rí: ẹ́ńjìnnì ń bú níbí, bẹ́líìtì ń fa ọlọ lọ́hùn-ún. Ẹ́ńjìnnì ń sáré ju abọ́ lọ fíìfíì. Nínú ọ̀pọ̀ oníbẹ́líìtì ilẹ̀ Yúróòpù, ìgbà 250 ló ń yí láàrin ìṣẹ́jú kan, nígbà tí abọ́ ń rọra yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta. Rọ́bà tó wà láàrin wọn ń fà, ó ń sún kì, torí bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì ń kú sínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Ohun tí àwọn tó fẹ́ràn oníbẹ́líìtì ń tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, òótọ́ sì ni.

Ará Amẹ́ríkà kan, Edgar Villchur, bu iyọ̀ sí i ní 1961. Ó gbé abọ́ àti apá abẹ́rẹ́ papọ̀ sórí sípíríǹgì, ó yà wọ́n nípá kúrò lára àpótí àti ẹ́ńjìnnì, tó fi jẹ́ pé bí tábìlì bá mì, abẹ́rẹ́ kò ní mọ̀. Thorens ti Switzerland tẹ̀lé e pẹ̀lú TD 150 ní 1965. Linn ti Scotland náà gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú Sondek LP12 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, èyí tí wọ́n ṣì ń ṣe títí di òní.

Direct drive kò ní bẹ́líìtì rárá. Abọ́ jókòó lórí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ọ̀pá tó yọ sókè gba inú ihò àwo náà ni ọ̀pá ẹ́ńjìnnì. Ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta tí àwo ń yí, òun náà ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Shuichi Obata ní ilé iṣẹ́ Matsushita ní Jàpáánù ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Technics SP-10 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, SL-1200 tẹ̀lé e ní 1972. Ní 1979 ni SL-1200MK2 dé, èyí tí ẹnikẹ́ni tó ti lọ òde àríyá láyé àtijọ́ ti rí lórí tábìlì díjéè. Kírísítà quartz wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń mú kí aago ọwọ́ rìn déédéé, òun ló sì ń sọ iyára fún ẹ́ńjìnnì.

Direct drive ní àléébù tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, mágínẹ́ẹ̀tì máa ń kọjá lórí irin, á bọ́ sí àlàfo, á tún kan irin. Gbogbo ibi tó bá ti kan irin ló ti ń fà, tó sì tún ń jù sílẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yára, fífà-jíjù yìí kì í hàn. Nígbà tó bá ń rọra yí, tí kò sì sí rọ́bà tó máa gbà á mì, ó lè dé ara àwo. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń borí rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ tó wúwo àti sákíìtì tó ń ṣọ́ iyára. Èyí tí wọ́n fi owó pọ́ọ́kú ṣe kì í sábà borí rẹ̀. Technics fúnra wọn dá SL-1200 dúró ní 2010, nígbà tí wọ́n sì padà wá ní 2016, ẹ́ńjìnnì tí kò ní irin láàrin ni wọ́n gbé wá kí fífà-jíjù náà lè tán.

Ohun tí etí ń gbọ́

Poro tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lójú àwo kò fẹ̀ ju irun orí kan lọ, abẹ́rẹ́ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin orin àti ìmìtìtì. Ohunkóhun tó bá mì ín, orin ni lójú tirẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń yí abọ́, àìsàn mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kíkùn, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń kùn ṣáá lábẹ́ orin, tí ẹ máa gbọ́ láàrin orin kan sí èkejì bí ẹ bá gbé ohùn sókè. Èkejì ni fífì: ohùn ń gòkè, ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀, tẹ̀léra tẹ̀léra. Ẹ̀kẹta ni gbígbọ̀n, tó yára ju fífì lọ, tó ń mú kí ohùn pìánò há, kí ohùn àwọn olórin sì dà bí èyí tó dọ̀tí.

Bẹ́líìtì tó dára ń gbógun ti kíkùn. Quartz ń gbógun ti fífì. Ohun tí ìwé ìpolówó ń sọ nìyẹn, kò sì jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn kọ. Technics kọ 0.025% fún fífì àti gbígbọ̀n SL-1200MK2. Audio-Technica ní AT-LP60X, oníbẹ́líìtì tí owó rẹ̀ rọlẹ̀, kò ní ju 0.25% lọ. Wọ́n ní AT-LP120XUSB, direct drive tiwọn tó jọ Technics lójú, kò ní ju 0.2% lọ. Direct drive kan àti oníbẹ́líìtì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, direct drive méjì sì fi ìlọ́po mẹ́jọ jìnnà síra wọn! Ẹni tó bá torí pé wọ́n kọ direct drive síwájú ẹ̀rọ rà á, àwọ̀ ọ̀dà ló rà.

Orin tiwa tún máa ń tan ni jẹ bí a bá fẹ́ fi dán ẹ̀rọ wò. Dùndún fúnra rẹ̀ ń fa ohùn lọ sókè sódò, bí abọ́ bá ń fì, etí á gbà pé onílù ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Gòjé inú sákárà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi àwo àpàlà tàbí sákárà ra tọ́ntébù. Ẹ wá àwo dùùrù ìjọsìn lọ, ẹ̀yin tí ECWA tàbí ìjọ Àgùdà tọ́ dàgbà kò ní wá a tì nílé àwọn òbí yín. Tàbí kí ẹ wá àwo jùjú tó ní gìtá Hawaii, irú èyí tó máa ń di ohùn kan mú pẹ́. Ibi tí ohùn bá ti dúró ni àṣírí ẹ̀rọ ti ń tú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn olùtajà kì í sọ. Bí ihò àwo bá fi ìdajì mìlímítà péré yẹ̀ kúrò láàrin, níbi tí poro ti fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí àárín, ohùn á fi 0.5% gòkè, á tún fi 0.5% sọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 1.8 tí àwo fi ń yí ká. Ìyẹn ju àléébù ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ lókè lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó bú ẹ̀rọ, ẹ dúró lókè rẹ̀, kí ẹ wo apá abẹ́rẹ́. Bó bá ń jù sọ́tùn-ún sósì bí àwo ṣe ń yí, àwo ló jẹ̀bi. Àwọn àwo àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ nílé níbí, mo ti rí púpọ̀ tí ihò wọn kò gbé ojú kan.

Iná tó wọlé ni orin tó jáde

Ọ̀pọ̀ oníbẹ́líìtì tó lórúkọ, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Switzerland pàápàá, ẹ́ńjìnnì AC synchronous ni wọ́n ń lò, èyí tó ń lo iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti NẸ́PÀ. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í wo fóótì (volt) iná láti mọ iyára. Iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí a ń kọ ní Hz, ló ń tẹ̀lé gẹ́lẹ́. Ní Nàìjíríà, 50 Hz ló yẹ kó jẹ́. Tó bá jẹ́ 50, àwo á yí bó ṣe yẹ. Tó bá kúrò ní 50, abọ́ á bá a lọ.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré oníbẹntiróò tó wà lẹ́yìn ilé gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 3,000 láàrin ìṣẹ́jú kan kó tó fún wa ní 50 Hz. Ta ló ń wọ̀n ọ́n? A pe mẹkáníìkì pé iná kò tan dáadáa, ó mú sukudíráfà, ó fún sípíríǹgì eré rẹ̀ pọ̀, gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò, a sanwó, ó lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti di 3,120, iná ti di 52 Hz. Orin ti fi 4% sáré jù, ohùn olórin ti gòkè ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo tó wà láàrin dò àti rè. Ẹni tó bá mú gìtá láti bá àwo náà lù á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kò bára mu. Ká wá ní fíríìjì gbé láàrin orin. Jẹnẹrétọ̀ á mí kanlẹ̀, eré rẹ̀ á wálẹ̀ kó tó gba ara rẹ̀, orin náà á sì bá a wálẹ̀, á bá a gòkè padà. Kò sí bẹ́líìtì tó lè wo èyí sàn, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Bàbá kan ní Àyètòrò-Gbẹ̀dẹ̀, tó ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìntì ní Kàdúná, pè mí wá wo Thorens rẹ̀. Mo ní, "Okun o, bàbá. Kí ló ń ṣe ẹ̀rọ?"

"Ọmọ mi, láàárọ̀ ara rẹ̀ balẹ̀. Tó bá di alẹ́, ó ń kánjú."

"Bàbá, alẹ́ lẹ ń tan jẹ́ń?"

"Àbí iná wo ló tún kù?"

Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ wọn kò ṣe nǹkan kan, jẹnẹrétọ̀ ló ń kánjú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní àwọn ti san owó bẹ́líìtì tuntun fún ẹni tó kọ́kọ́ wò ó.

Direct drive tó ní quartz kò mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ wà láyé. Ó ń sọ iná di DC, iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì, kó tó lò ó, kírísítà inú rẹ̀ ló sì ń ka iyára fún un. Jẹ́ kí Hz máa lọ kó máa bọ̀, níwọ̀n ìgbà tí fóótì kò bá já wálẹ̀ jù, abọ́ á dúró lórí iyára rẹ̀. Fún ẹni tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló fi ń gbọ́ orin, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ nípa rọ́bà àti sípíríǹgì tàn yín.

Àfi pé kì í ṣe gbogbo oníbẹ́líìtì ló wà nínú ẹjọ́ yìí. Àwọn kan ń lo ẹ́ńjìnnì DC tí sákíìtì ń ṣọ́, AT-LP60X jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Hz kò kàn wọ́n. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ rọrùn. Ẹ yí àdápítọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí. Bó bá jẹ́ DC ni wọ́n kọ níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kò lè sọ eré fún un. Bó bá jẹ́ AC, bíi ti Rega Planar 1 tó ń gba 24 fóótì AC, àdápítọ̀ yẹn kàn dín fóótì kù ni, Hz jẹnẹrétọ̀ ṣì ń wọlé tààrà. Rega ń ta àpótí iná kan lọ́tọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ ṣe Hz tó mọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi owó rẹ̀ kún owó ẹ̀rọ kí ẹ tó sọ pé oníbẹ́líìtì ló dín owó.

Sólà ti yí ọ̀rọ̀ náà padà fún àwọn kan. Inverter tó ń tú pure sine wave jáde, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bíi ti NẸ́PÀ, máa ń dúró dáadáa lórí 50 Hz, oníbẹ́líìtì AC á sì jẹ ọlá rẹ̀. Àwọn inverter olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ modified sine wave kì í sábà ṣi Hz, àmọ́ iná wọn rí gátagàta. Ẹ́ńjìnnì AC á máa kùn lórí irú iná bẹ́ẹ̀, á tún máa gbóná, kíkùn yẹn sì ni ohun tí ẹ torí rẹ̀ ra bẹ́líìtì. Bí modified sine lẹ ní, ẹ fi oníbẹ́líìtì AC sílẹ̀.

Ẹ má sì gbára lé àwọn àmì tóótòòtó etí abọ́, tó ń fi hàn bóyá iyára tọ̀nà, láìbéèrè. Lára SL-1200MK2, quartz kan náà ló ń tan iná pupa tó ń fi wọ́n hàn, ẹ lè gbà á gbọ́. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó dàgbà jù ú, gílóòbù kékeré tó ń tẹ̀lé Hz iná ilé ló ń tàn sí wọn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń sáré, gílóòbù àti abọ́ á jọ sáré, àmì á dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni pé gbogbo nǹkan tọ̀nà. Ẹ lẹ bébà pélébé mọ́ etí abọ́, ẹ tẹ aago fóònù, kí ẹ ka ìyípo 100. Ìṣẹ́jú 3 géérégé ló gbọ́dọ̀ gbà. Bó bá parí ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 53, 4% yẹn ti wọlé.

Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀

Èyí tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá bá iná wa mu. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, 120 fóótì àti 60 Hz ni wọ́n ṣe é fún. Tiransifọ́mà step-down á tún fóótì ṣe, kò lè tún Hz ṣe. Oníbẹ́líìtì AC láti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá gbé e sórí 50 Hz, á máa yí ní nǹkan bí 27.8 dípò 33.3. Orin á jábọ́ láti fà dé rè, ohùn obìnrin á máa dà bí ti ọkùnrin. Ó dìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń gbà yí lórí ẹ́ńjìnnì sí ti 50 Hz, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Direct drive oníquartz láti Amẹ́ríkà tàbí Jàpáánù, step-down tó bá fóótì rẹ̀ mu nìkan ló nílò. Ẹ rántí pé 100 fóótì ni ti Jàpáánù, kì í ṣe 120.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń lọ ra tòkunbọ̀ ní Ìlọrin tàbí Èkó pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá direct drive Jàpáánù ti àwọn ọdún 1970 àti 1980. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tàn án, ẹ wò ó bóyá ó gba iyára láìfòyà. SL-1200MK2 máa ń dé iyára rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 0.7. Ẹ ti ibi tí a fi ń yí iyára padà sókè sódò jẹ́jẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ó ń fò. Ẹ mú apá abẹ́rẹ́, ẹ rọra mì ín: bó bá ń jì, ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn kalẹ̀. Fún oníbẹ́líìtì, ẹ ṣí abọ́ kúrò. Rọ́bà tó ti di gọ́ọ̀mù, tó lẹ̀ mọ́ irin bí atẹ, kò burú púpọ̀, a lè fọ̀ ọ́ nù kí a ra òmíràn. Ohun tó burú ni ọ̀pá abọ́ tó ń mì nínú ihò rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀, ẹ yọ abọ́, ẹ yọ òṣùwọ̀n, irin wíwúwo tó wà lẹ́yìn apá abẹ́rẹ́, kí ẹ so apá mọ́lẹ̀. Oníbẹ́líìtì tó ní sípíríǹgì máa ń ní skúrù tí a fi ń dè é mọ́lẹ̀ fún ìrìnàjò. Ọ̀nà tiwa kì í dárí ji ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀.

Ooru, eruku àti ẹni tó máa tún un ṣe

Rọ́bà kò fẹ́ràn ooru oṣù kejì àti ìkẹta níhìn-ín. Ó ń fà, ó ń gbó, tó bá sì fà tán, iyára á máa lọ sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ orin á máa falẹ̀. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń kó eruku lé bẹ́líìtì lórí, eruku a sì máa mú kó yọ̀. Aṣọ tó mọ́ tó sì gbẹ tó láti fi nù ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bẹ́líìtì ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì dí i fún yín: onígun mẹ́rin ni púpọ̀ nínú wọn, ti tọ́ntébù pẹlẹbẹ, gígùn wọn kò sì bára mu.

Direct drive kì í sábà béèrè nǹkan kan. Ìwé Technics ní kí a kán òróró méjì sí mẹ́ta sí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 2,000 tó bá ti ṣiṣẹ́, ìyẹn wákàtí kan lójúmọ́ fún ọdún márùn-ún ó lé. Àmọ́ lọ́jọ́ tí sákíìtì rẹ̀ bá kú, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń tún fáànù ṣe. Ẹ ó nílò ẹni tó mọ bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n dáadáa, irú wọn sì wà ní Kábà, ẹ fara balẹ̀ béèrè. Bẹ́líìtì ní tirẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ tó dúró lé

Sípíríǹgì Villchur tí wọ́n ń yìn, ilé onípákó ló ti wúlò jù fún ṣíṣọ́ ìmìtìtì tábìlì, ibẹ̀ náà ló sì ti ń fò bí ènìyàn bá rìn kọjá. Bí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ bá jẹ́ tiyín, tí àjà rẹ̀ jẹ́ pákó, ẹ kan pẹpẹ mọ́ ògiri. Bí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni, ìṣòro ti lọ. SL-1200MK2 wúwo tó kílò 12.5, ó le láti mì. Èyí tó kù ni pé kí ẹ má gbé tọ́ntébù àti sípíkà sórí tábìlì kan náà. Báàsì á gba ara tábìlì padà sí abẹ́rẹ́, á sì máa hu. Àwọn oníbẹ́líìtì fífúyẹ́ ló ń jìyà èyí jù.

Ti díjéè kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó máa fi ọwọ́ di àwo mú, tó máa fà á sẹ́yìn níbi ìyàwó tàbí òkú àgbà, direct drive ni. Bẹ́líìtì á yọ̀, á sì já.

Àwọn kan á ní redíógíràmù bàbá àwọn wà ní pálọ̀, ṣé oníbẹ́líìtì ni. Kì í ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, BSR tàbí Garrard ló wà nínú wọn, kẹ̀kẹ́ rọ́bà kan ló sì ń fi ara nu etí abọ́ láti inú láti yí i. Wọ́n ń kùn, abẹ́rẹ́ wọn sì wúwo lórí àwo. Ẹ tọ́jú àpótí rẹ̀ torí ẹwà. Ẹ má fi àwo tí ẹ kò lè rí rà mọ́ sí i.

Èyí tí màá rà

Bí jẹnẹrétọ̀ bá jẹ́ iná mi lálẹ́, tí owó sì wà fún tòkunbọ̀ tó dára, direct drive Jàpáánù oníquartz ni, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ní sólà tó ní pure sine, tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń gbọ́ orin ní pálọ̀, oníbẹ́líìtì tó dára bíi Rega ni màá mú dípò direct drive tuntun tí owó wọn jọ ara wọn, torí nínú owó bẹ́ẹ̀ apá abẹ́rẹ́ Rega sàn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì dákẹ́. Níbi tí owó bá ti kéré jù, AT-LP60X àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń lo DC ni. Kò sí direct drive tí mo lè fọwọ́ sí ní iye yẹn. Ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ nìkan ni a lè pààrọ̀, òṣùwọ̀n apá rẹ̀ kò ṣeé tún yí.

Ẹ ṣírò phono stage mọ́ ọn pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, wọ́n ń dín báàsì kù, wọ́n ń gbé ohùn òkè ga, ẹ̀rọ kékeré yìí ló ń dá a padà sípò. Ó wà nínú AT-LP60X àti AT-LP120XUSB. Kò sí nínú SL-1200MK2. Ẹni tó bá so ó mọ́ áńpù lásán á gbọ́ orin tó tín-ín-rín, tí kò ní ìdí, á sì rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun.

Abẹ́rẹ́ ló kàn. Èyí tó ti gbó ń ba àwo jẹ́ bákan náà lórí ẹ̀rọ méjèèjì, ẹ má ṣe gbà pé èyí tó bá tòkunbọ̀ wá ṣì dára. AT-VM95E tuntun, abẹ́rẹ́ Audio-Technica, ń fẹ́ gírámù 2 lórí àwo. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn góòlù, kí ẹ má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ra oníbẹ́líìtì, ẹ ra bẹ́líìtì kejì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá níbi tí oòrùn kì í dé. Bí ẹ bá ra direct drive, ẹ fi owó bẹ́líìtì yẹn kún ti abẹ́rẹ́.